Ààyè Tí Góòlù Fi Sílẹ̀

Èyí tó péye jù lọ nínú àwọn rẹsítọ̀ rẹ̀ ni obìnrin náà kọ́kọ́ sọ nù. Mítà kà á fún un: 9,998. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ dáadáa tó ṣìnà wọ ilé oníjà, ó sì jù ú sínú agolo tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú òmíràn. 10,060. Agolo. 9,940. Agolo. Kì í ṣe àwọn onínú rere wọ̀nyí ló ń wá láàárọ̀ yìí.

Àwo tanganran méjì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Rẹsítọ̀ tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ ń bọ́ sí ọ̀tún. Èyí tó bá relẹ̀ ń bọ́ sí òsì. Wọn kò tíì pọ̀. Ohun kéékèèké ni wọ́n, wọn kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, wáyà tín-ín-rín yọ ní orí àti ìdí wọn, ìlà aláwọ̀ mẹ́rin sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe láyé: wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà iná, kó má baà rọ́ wọlé bó ṣe wù ú.

Ẹni tó bá yọjú wo obìnrin náà láti ìta, tó rí bó ṣe tẹ̀ síwájú lórí tábìlì pẹ̀lú awò lójú, yóò rò pé ìrẹsì ló ń ṣà. Kò sí bí onítọ̀hún ṣe lè mọ̀ pé ìjà ló ń jà.

“Ayédèrú!” Aláago ni, ọkùnrin tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín, ohùn kan sì tó wọn. “Ayédèrú ọmọ ojúlówó! Ṣé ojú ti là?”

“Ojú ti là, Aláago. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“O ò tíì tan rédíò rẹ láti àárọ̀. Ta lo ń bá ṣe kèéta?”

“Rẹsítọ̀ ni mo ń kà.”

“Kà wọ́n dáadáa. Ẹni tó ń ka nǹkan ní kùtùkùtù báyìí, ó ní ẹni tó fẹ́ fi ìkúùkù lù.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju àwàdà lọ, ó sì tètè gbé e mì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ ní àwọ̀ rẹsítọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jókòó sórí àpótí kan náà. Bí orin ló ṣe kọ́ ọ: dúdú òfo, amọ̀ oókan, pupa eéjì, ọsàn ẹẹ́ta. Amọ̀, dúdú, ọsàn: kọ oókan, kọ òfo, kí o wá fi òfo mẹ́ta tẹ̀lé e. Ẹgbàárùn-ún nìyẹn, ẹgbàárùn-ún óòmù. Ìlà kẹrin ni góòlù. “Góòlù ni kó o máa rà,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí. “Sílífà ò fi bẹ́ẹ̀ dára. Èyí tí ò ní ìlà kẹrin rárá, má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.” Ibẹ̀ ni ìmọ̀ àwọn méjèèjì parí sí. Góòlù dára, àwọ̀ kì í parọ́. Wọ́n á ka àwọ̀, wọ́n á fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi jó o mọ́ pákó pẹlẹbẹ tí iná ẹ̀rọ ń gbà, ó tán.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kọ́ ọ, tí òun fúnra rẹ̀ lọ ń ṣà jọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nínú ìwé àlòkù, ni pé góòlù kì í ṣe ìbúra. Ẹni tó ṣe rẹsítọ̀ kò sọ pé ẹgbàárùn-ún gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ń wí pé, “Nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè márùn-ún.” Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ẹgbàárùn-ún, márùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kúrò, o dé 9,500. Fi kún un, o dé 10,500. Ibi yòówù tí rẹsítọ̀ bá dúró sí láàárín odi méjèèjì yìí, kò jẹ̀bi. Sílífà ń tọrọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní tirẹ̀. Èyí tí kò ní ìlà kẹrin ń tọrọ ogún, kò sì tijú.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé e, ó jókòó, ó ń wọn rẹsítọ̀ títí iná mítà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí méjì tó dọ́gba. Gbogbo wọn wọ góòlù, gbogbo wọn jọra lójú, síbẹ̀ oníkálukú ní ibi tó fì sí. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé tó tú aago palẹ̀. Láti ìgbà náà, ìmọ̀ yìí ti gba rédíò là lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gba ẹ̀rọ amóhùngbòòrò là. Òní ni yóò kọ́kọ́ fi í pa nǹkan.

Ó mú òmíràn. 10,470. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rọra fi í sápá ọ̀tún, lọ́tọ̀, bí ẹni fi ẹyin sílẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà yẹn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, wọ́n ń ṣe àpótí ìsàba, àpótí onígi tó ń fi iná ṣe iṣẹ́ adìẹ tó sàba lé ẹyin. Ẹ̀gbọ́n ń kan àpótí, òun ń jó pákó tó ń ṣọ́ ooru inú rẹ̀. Òun ló fi orí ara rẹ̀ ro ètò pákó náà. Wọ́n gbé àpótí ńlá kan fún obìnrin kan tó ń sin adìẹ. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin pa, kò sí ohun tó ké nínú àpótí. Obìnrin náà gbé ẹyin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Ọmọ adìẹ tó ti hu ìyẹ́ tán ló wà nínú wọn, ẹnu ṣóńṣó, èékánná, gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn kú ni. Àwọn ènìyàn pé jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn, ó wá na ìka sí i.

“Àbúrò mi ló lọ ra rẹsítọ̀. Ayédèrú ló rà wá. Mo sọ fún un, kò gbọ́.”

Irọ́ gbuu. Ó ra góòlù. Ó ka àwọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìdí ìsọ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jẹ́ kí òun tú pákó náà wò níwájú gbogbo ayé, kò gbà. Ẹ̀gbọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní ẹ̀rí ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ayédèrú. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ìbínú pè é. Ìyẹn kò burú, ìbínú a máa rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rín pè é ni orúkọ náà wọlé, tó jókòó. Ó kó kúrò ní ojú títì wá sí ọ̀nà tóóró yìí, orúkọ náà ti dé ṣáájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn rẹ̀ ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù Ayédèrú dà?” Wọn kò ní i lọ́kàn láti bú u. Òun ni kì í gbọ́ ohun mìíràn.

Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. “Fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́?” Ó fi sílẹ̀ lẹ́nu. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní í gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Ó ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò wọlé. Ó dúró bí oníbàárà tí kò mọ̀ bóyá wọ́n máa dá òun lóhùn.

“Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n,” ó wí, ó sì gbé e sókè kó rí i. “N ò lè jó pákó mọ́. Ẹgbẹ́ aládìẹ fẹ́ àpótí kan lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló máa wá wò ó lọ́jọ́ tí ẹyin bá ń pa. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ pákó yẹn.”

“Ẹ gbé e sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ti àtijọ́ ló wà nínú ọ̀rá yìí. Kó o lè máa fi wò.”

“Mo ní ẹ gbé e sílẹ̀.”

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òwe náà wá sí i lọ́kàn bó ṣe ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn, irú dídùn tí kì í jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn. Kò tú ọ̀rá náà. Ó tì í sábẹ́ tábìlì. Ìyá ọmọ kò nílò kí wọ́n ṣàpèjúwe ọmọ fún òun.

Gbogbo wọn ló máa wá wò ó. Gbólóhùn yẹn ló dì mú.

Ìgbẹ̀san tó ti ń rò láti ọdún wọ̀nyí kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí ó bá fi rẹsítọ̀ tó bàjẹ́ síbẹ̀, wọ́n á mú un. Bí ó bá jó o jákujàku, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rí i, nítorí ọwọ́ ló ń gbọ̀n, ojú ṣì ríran. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹ̀sùn kan góòlù? Lórí pákó yẹn, rẹsítọ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló ń pín iná láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba, wọ́n pín in sí méjì gẹ́ẹ́, ibi tí wọ́n bá sì pín in sí ni ẹ̀rọ ń gbà gẹ́gẹ́ bí ooru tó tọ́, ooru abẹ́ ìyẹ́ adìẹ. Bí èyí òkè bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ga, tí èyí ìsàlẹ̀ náà fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ga, kò sí ewu. Ibì kan náà ni àṣìṣe wọn kọjú sí, ìpín wọn ṣì dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí òkè ga, kí ìsàlẹ̀ relẹ̀, kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ìpín á wọ́. Ooru á fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì méjì lé díẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ìwọ̀n méjì kò jẹ́ nǹkan kan lára ènìyàn tó ń rìn nínú oòrùn. Fún ọmọ adìẹ tó wà nínú èèpo, ikú ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì ní í mọ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn àpótí ló máa ń so ohun tí ń ka ooru kọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, níbi tó ti máa ń tutù ju àárín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ohun tí wọ́n lè yí láti tún ooru ṣe sára pákó. “Bó o bá fi ohun yíyí síbẹ̀,” ó máa ń wí, “wọ́n á yí i.”

Kí wọ́n tú pákó náà wò! Kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó bá wù wọ́n. Wọ́n á bi rẹsítọ̀ òkè, á ní, èmi wà láàárín odi. Wọ́n á bi ti ìsàlẹ̀, á ní, èmi náà wà níbẹ̀. Wọn kò sì ní parọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹyin kọjá lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin ni, ó wí fún ara rẹ̀. Wọ́n ń dín wọn láràárọ̀.

9,530. Ẹnìkejì dé.

Ó ti irin gbígbóná bọ lẹ́ẹ̀dì. Èéfín ta á lójú, òórùn oje igi tó ń jó kún yàrá. Lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó tàn bí omijé, ó dì. Ọ̀kan lókè. Ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó gé ìrù wáyà wọn, ó fi ẹnu fẹ́ pákó náà. Iṣẹ́ tó rẹwà ni. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó rẹwà tó báyìí rí.

“Èéfín rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi o,” ni Aláago kígbe. “Ṣé pákó lo ń jó ni àbí ọ̀tá?”

“Ẹ máa fi imú yín ka aago.”

“Ọ̀tá ni. Mo mọ òórùn rẹ̀.”

Oòrùn ti yí sẹ́yìn ilé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé. Ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sábẹ́ apá kejì, ó wo pákó tuntun lórí tábìlì, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó wo ojú lẹ́ẹ̀dì, èyí tó ń dán, tó rí roboto.

“O ṣì ń jó o bí ìgbà yẹn,” ó wí.

Obìnrin náà fi bébà wé pákó náà, ó ń wá okùn.

“Ti àtijọ́ ńkọ́? N óò gbé e padà.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀rá dúdú jáde lábẹ́ tábìlì. Eruku tú lára rẹ̀. Aláago tó ti rí àlejò náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awò ìtọ́jú aago ṣì wà lójú rẹ̀ kan.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá Alápòótí. Àbí ayédèrú ọjọ́ náà rèé? Ẹ jẹ́ n rí i, ẹ jọ̀ọ́! Ìtàn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́, n ò rí ojú rẹ̀ rí.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀, bó ṣe wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Bóyá bó ṣe wo ilẹ̀ yẹn ló bí obìnrin náà nínú. Ọ̀rá ti ya lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Pákó àtijọ́ jáde, ó ti pọ́n ní etí, iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà èwe rẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ó wí. “Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀rí lẹ pè é. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹnu rẹ̀.”

Nítorí àwọn nǹkan mìíràn ṣì so mọ́ pákó náà, mítà kò lè ka rẹsítọ̀ lórí ìjókòó. Ó fi irin gbígbóná tú ẹsẹ̀ kan èyí òkè, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ẹsẹ̀ ẹṣin, ó fi abẹ́rẹ́ mítà méjèèjì kàn án. Ó mọ ohun tó fẹ́ fi hàn wọ́n: góòlù, láàárín odi, ojúlówó.

10,440.

“Kí ló wí?” Aláago tẹ̀ síwájú.

“Ó wà láàárín. Odi òkè ni 10,500. Kò kọjá a. Ojúlówó ni.”

Ó tú ẹsẹ̀ èyí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yá.

9,570.

“Ó wà láàárín,” ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Òkè ga, ìsàlẹ̀ relẹ̀. Wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá àwo tanganran méjì tó wà lórí tábìlì, ọ̀tún àti òsì. Ohun tó fi gbogbo òwúrọ̀ ṣà pẹ̀lú mítà, tó fi ìbínú ọdún wọ̀nyí wá kiri, ọwọ́ ara rẹ̀ ti ṣe é rí láìmọ̀. Ó kàn mú méjì nínú àpò, ó ka àwọ̀ wọn, ó jó wọn mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó pa ẹyin náà. Góòlù méjì ni, tí kò jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbójú kúrò nílẹ̀. Ó ń wo mítà.

“Bó bá jẹ́ ojúlówó,” ó rọra wí, “kí ló wá pa ẹyin?”

Kò bú u. Ó ń béèrè ni. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ìbéèrè náà ti bá a sùn, ó ti bá a jí, àti pé ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn jẹ́ aṣọ tó kàn fi bò ó mọ́lẹ̀ níwájú èrò.

Ìdáhùn wà lẹ́nu obìnrin náà. Bí ó bá gbé e mì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú bébà yẹn, á máa lọ, ẹyin á sì kú lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ayédèrú ni yóò máa jẹ́ lọ. Bí ó bá sọ ọ́, orúkọ á bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ ohun tó yẹ kó lọ wọ̀n. Ìgbẹ̀san wà lọ́wọ́ kan, orúkọ wà lọ́wọ́ kejì, ó sì ní láti jọ̀wọ́ ọ̀kan.

Ó rò pé òun ṣì ń rò ó ni, àfi bó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìmọ̀ náà ni kò jẹ́ kó dákẹ́. Ẹni tó ti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan sì wá bi í léèrè tọkàntọkàn, ẹnu rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, góòlù kì í ṣe iye kan. Ààyè ni. Ẹ wò ó.” Ó fi ìka fa ìlà lójú eruku tábìlì, ó fi odi méjèèjì hàn án, ó fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí hàn án. “Bí wọ́n bá jọ ga, kò séwu. Bí wọ́n bá jọ relẹ̀, kò séwu. Ìgbà tí ọ̀kan lọ sókè tí èkejì lọ sísàlẹ̀ ni ìpín wọ́. Ooru ti fi ìwọ̀n méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ̀bi. Àwọ̀ la kà, Ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ ká wọ̀n wọ́n.”

Àwọn aago Aláago ń dún lódìkejì ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú ìṣísẹ̀ tirẹ̀.

“Mo kọ́ ẹ pé àwọ̀ kì í parọ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Kò parọ́. A ò bi í tó ni.”

Ọkùnrin náà mi orí, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Kò sí ọ̀nà tí obìnrin náà lè gbà dá a dúró láìjẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé pákó tuntun sábẹ́ iná, ó mú abẹ́rẹ́ mítà pupa àti dúdú. Lára èyí, wọn kò tíì so ohun tí ń gbọ́ ooru mọ́ ọn. Kò sí ohun tó máa da mítà láàmú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ń yọ̀ káàkiri lórí lẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà ń fò sókè, ń fò sílẹ̀. Kó má dúró, ni obìnrin náà ń wí nínú. Kó má dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì, ó fi ìka kékeré tẹ igi, bó ṣe kọ́ àbúrò rẹ̀ láti máa ṣe nígbà tí ọwọ́ ìyẹn kò tíì mọ irin dì mú. Abẹ́rẹ́ dúró.

10,470.

Ó sún wọn sí ìsàlẹ̀. 9,530.

Ojú rẹ̀ lọ sórí àwo ọ̀tún, ó lọ sórí àwo òsì, ó lọ sínú agolo tó wà nílẹ̀, ó wá dúró lójú àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà kò lè wo ojú náà. Ilẹ̀ ló wò.

“Tuntun ńkọ́?” ni Aláago béèrè. “Kí ló wí?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ojú mítà.

“Tuntun wà láàárín,” ó wí. Ó yí sí Aláago, ó sì gbé ohùn sókè kí ọ̀nà tóóró lè gbọ́. “Aláago, ẹ gbọ́ mi. Àbúrò mi ò ra ayédèrú rí láyé ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lójú èrò, èmi náà ni mo kó o jẹ lónìí. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

“Háà!” Aláago yọ awò kúrò lójú. “Ẹ gbà mí o! Gbogbo ọdún yìí?” Ó ti ń lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó kàn, ó ń pe onírédíò, ó ń pe oníbàtà. Lẹ́yìn náà ó tún yọ orí padà. “Kí la ó wá máa pè ẹ́ báyìí? Ahọ́n mi ò mọ òmíràn o.”

Aláago ń dúró kí ìdáhùn jáde. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ń dúró pẹ̀lú.

Ọjọ́ yìí ni obìnrin náà ti ń rò láti ìgbà tó ti kó kúrò lójú títì. Ó ti rò pé orúkọ náà yóò ṣí lára rẹ̀ bí èèpá ojú egbò, tí awọ tuntun yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí pákó tuntun. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pè é ní Ayédèrú, kò jẹ́ ẹ rí. Àárọ̀ òní ló tó wọ̀ ọ́ lára, ó sì bá a mu rẹ́gí.

“Ẹ ṣì máa pè mí bẹ́ẹ̀ ná, Aláago,” ó wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bíi pé àwàdà ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbàtà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa àpótí ìjókòó sún mọ́ tábìlì. Igi náà dún lórí sìmẹ́ńtì. Ó jókòó, ó sì ti pákó tuntun síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan.

“Tún un jó. Mo lè dúró.”

Obìnrin náà ti irin gbígbóná bọ lẹ́ẹ̀dì, ó yọ méjèèjì. Ó gbé agolo sórí tábìlì, ó dà á. Wọ́n tú ká, àìmọye, amọ̀, dúdú, ọsàn, góòlù. Èyí tó péye jù lọ wà láàárín wọn níbìkan. Kò sí bí ojú ṣe lè ṣà á. Gbogbo wọn jọra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó ń mú, ó ń sọ sílẹ̀.

“Má wá èyí tó pé,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Wá méjì tó jọ ṣàṣìṣe.”

Ó mú ọ̀kan, ó di abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ orí síwájú láti bá a kà á, ó sì kà á sókè, bó ṣe máa ń ka àwọ̀ fún un níjọ́un lórí àpótí kan náà.

“9,710.”

Ó gbé e sápá kan. Ó mú òmíràn.